Màámi, abẹ́rẹ́ RSV, àti ohun tí ojú wọn ti rí ní Kano

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ṣèlérí fáwọn ará ilé wa pé màá kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí gbogbo ẹni tó bá pè láti kí Màámi ló máa ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an, mo dẹ̀ ti sọ ọ́ títí ó ti sú mi. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Màámi ti pé ẹni ọdún 76. Kano ni wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ ayé wọn, Sabon Gari la ń gbé, Kantin Kwari ni wọ́n ti ń ta aṣọ, ó lé lógójì ọdún. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ Hausa wọn lórí fóònù ẹ ò ní mọ̀ láéláé pé ọmọ Ọ̀ffà ni wọ́n. Ìgbà tí bàbá wa kú ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Kubwa níbí, kí wọ́n bá mi wo ọmọ, kí èmi náà lè máa rójú wọn. BP wọn ti pẹ́, dókítà dẹ̀ ti sọ fún wa tipẹ́ pé ọkàn wọn ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ń lo oògùn wọn déédéé, torí oníṣòwò ni wọ́n, nǹkan tí wọ́n bá ti fowó rà wọn kì í fi ṣòfò.

Oṣù kìíní ọdún 2025 lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ mú gan-an, eruku bo gbogbo nǹkan, tẹ́ ẹ bá nu tábìlì láàárọ̀, kó tó dọ̀sán ẹ ti lè fìka kọ̀wé lórí ẹ̀. Ọmọ mi Àkànní, ọmọ oṣù 14 nígbà yẹn, mú ọ̀fìnkìn dé láti kiréèṣì. Ọ̀fìnkìn ọmọdé bí a ṣe mọ̀ ọ́n, imú ń ṣàn, ó ń húkọ́ díẹ̀, ó dẹ̀ ń ṣeré ẹ̀. Ọ̀dọ̀ Màámi ló máa ń sùn. Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é torí ó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ yìí: tí imú ọmọ bá ti dí, Màámi á fẹnu fà á, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe, wọ́n á tu ú dànù, wọ́n á fi etí ìró nu ẹnu. Tí ọmọ bá jẹ ògì ṣẹ́ kù, ṣíbí yẹn náà ni wọ́n á fi há èyí tó kù nídìí abọ́ jẹ. Ìfẹ́ ni. Mi ò lè torí ẹ̀ bínú sí wọn láyé mi.

Ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún ni Màámi náà bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́. Àwa sọ pé ọyẹ́ ni. Kẹ́míìsì àdúgbò sọ pé ibà ni, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ní ibà plus kan, táífọ́ọ̀dù díẹ̀ (ta ni wọ́n máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò ní Nàìjíríà tí wọn ò ní rí táífọ́ọ̀dù díẹ̀ níbẹ̀?), wọ́n fún wa ní oògùn ibà àti àǹtíbáyọ́tíìkì kápúsù olójú méjì. Wọ́n lò ó ọjọ́ mẹ́ta. Ikọ́ ò lọ, oúnjẹ ò wọlé, wọ́n kàn ń sọ pé ó ti rẹ àwọn.

Alẹ́ ọjọ́ kẹfà tí ikọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀, mo wọ yàrá wọn, wọ́n ń kírun Ìṣáì lórí àga torí wọn ò lè dìde dúró mọ́. Màámi máa ń ka Fátíhà geere bí omi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n á ka gbólóhùn kan, wọ́n á dúró gba èémí, wọ́n á ka ìkejì, wọ́n á tún dúró. Mo wo ọrùn wọn, ibi kòtò kékeré tó wà lábẹ́ ọ̀fun yẹn ń rì wọlé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mí. Ètè wọn ti ń ṣú. Nǹkan kékeré tí wọ́n máa ń fi há ìka láti fi wo ọ́síjìn, tá a rà nígbà Kòrónà, mo rántí pé ó wà nínú dúrọ́ọ̀, mo fi há wọn lọ́wọ́, ó fi 84 hàn. Mo rò pé ó ti bàjẹ́. Mo fi há ara mi lọ́wọ́, ó fi 97 hàn. Ẹsẹ̀ mi ò gbà mí mọ́.

Ilé ìwòsàn tá a kọ́kọ́ gbé wọn dé, wọ́n ní sílíńdà ọ́síjìn àwọn ti tán. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ìkejì ló gbà wá, ó ti ń lọ sí aago méjìlá òru. Wọ́n fi ọ́síjìn sí wọn nímú, wọ́n ya fọ́tò àyà, wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì Kòrónà, kò sí Kòrónà. Dókítà obìnrin kan, ọmọdé ni, kò tíì tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ló wá bi mí léèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń ṣàìsàn nílé?" Mo ní kò sí o, àfi ọmọ mi tó ní ọ̀fìnkìn. Ó ní, "Ọ̀fìnkìn ọmọ yẹn gan-an ni mò ń wá."

Wọ́n ti nǹkan bí òwú gígùn bọ Màámi nímú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Houston ló fi owó tẹ́ẹ̀sì yẹn ránṣẹ́ torí kì í ṣe owó kékeré, wọ́n gbé e lọ sí láàbù kan nínú ìgboro. Lọ́jọ́ kejì èsì dé: RSV.

Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi. Dókítà yẹn jókòó tì mí ó ṣàlàyé ẹ̀, kí Ọlọ́run bá mi ṣe tiẹ̀ ní ire. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ni, pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ tí kì í kó o kó tó pé ọdún méjì, pé àwa àgbà náà ń kó o lákòótúnkó, àmọ́ lára wa ó máa ń dà bí ọ̀fìnkìn lásán, a ó máa fun imú ọjọ́ díẹ̀, ó tán. Ọmọ ìkókó àti àgbàlagbà ló máa ń bá jà gidi, pàápàá àgbàlagbà tí ọkàn ẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ò bá lágbára tẹ́lẹ̀, tàbí tó ní ikọ́-fée, tàbí àtọ̀gbẹ. Á bọ́ sí ẹ̀dọ̀fóró, á di òtútù àyà, á tún ti ọkàn tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lulẹ̀. Mo bi í pé oògùn wo la máa rà. Ó ní kò sí èyí tí wọ́n fi ń pa á lára àgbàlagbà, pé àǹtíbáyọ́tíìkì ò ran fáírọ́ọ̀sì, pé ọ́síjìn ni, oògùn ọkàn ni, omi tí wọ́n ń wọ̀n sí i lára ni, ká dẹ̀ máa ṣàdúrà. Mo ronú kan oògùn tá a ti fi há wọn lọ́nà ọ̀fun láti kẹ́míìsì, ó dùn mí gan-an.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà nínú ẹ̀, ọ́síjìn ò kúrò nímú wọn. Owó tá a ná, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ìgbà tá a délé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni Màámi ò fi lè rìn láti yàrá dé kíṣíìnì láìjókòó lójú ọ̀nà, èmi fúnra mi ló ń gbé àga sí àárín pálọ̀ fún wọn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ti wọlé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston ló sọ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún RSV yìí lọ́dọ̀ àwọn, pé láti ọdún 2023 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fáwọn tó ti pé 60 sókè, pé ní báyìí wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá ti pé 75 gbà á, kí àwọn tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀ àmọ́ tí wọ́n ní àìsàn ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, àtọ̀gbẹ tó le àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ náà gbà á. Ó ní kí abẹ́rẹ́ yìí tó dé, nínú àwọn tó ti pé 65 sókè níbẹ̀, CDC, ilé iṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àrùn, fojú bù ú pé láàárín 60,000 sí 160,000 èèyàn ló ń dèrò ọsibítù lọ́dọọdún nítorí RSV, àwọn 6,000 sí 10,000 ló ń kú. Ní Amẹ́ríkà o, níbi tí wọn kì í ti sọ pé ọ́síjìn ti tán. Ẹ̀gbọ́n mi dẹ̀ ti ń ṣètò tẹ́lẹ̀ pé kí Màámi wá kí àwọn ní oṣù kẹsàn-án, a wá ní kí wọ́n kúkú gbà á tí wọ́n bá dé ọ̀hún, torí ìparí ẹ̀ẹ̀rùn wọn, kí òtútù tó wọlé, ni wọ́n máa ń fẹ́ kéèyàn gbà á.

A wá pe Màámi sórí fídíò WhatsApp, gbogbo wa wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàlàyé, Màámi ń mi orí, "ẹn-ẹ́ẹ̀n, ẹn-ẹ́ẹ̀n." Wọ́n wá béèrè pé ta ló ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó pé mẹ́ta tó wà, pé ti Pfizer wà níbẹ̀, ti…

Màámi ní, "Pfizer wo? Pfizer ti Kano?"

Gbogbo ilé dákẹ́. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní àwọn ò gba nǹkan kan o, wallahi, kí wọ́n má tiẹ̀ rà tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú tó bá jẹ́ nítorí ìyẹn ni. Wọ́n dìde.

Lẹ́yìn tí fóònù kú, àbúrò mi ọkùnrin fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí gúrúùpù wa pé Màámi ò lajú, pé ọ̀rọ̀ WhatsApp ti bà wọ́n lórí jẹ́. Mo bínú gan-an. Torí ẹni tí ò lajú kọ́ ni Màámi, àwa la ò rántí. Ọmọ kékeré la wà lọ́dún 1996.

Lọ́dún yẹn, sankarau, ìyẹn menenjáítíìsì, jà ní ilẹ̀ Hausa débi pé èèyàn tó kó o lé ní 100,000, àwọn tó kú lé ní 11,000. Ìgbà yẹn ni Pfizer gbé oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wá sí Kano, wọ́n fi dán àwọn ọmọdé wò, ọmọ 200 ló wà nínú ìdánwò náà, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú, márùn-ún nínú àwọn tó gba Trovan, mẹ́fà nínú àwọn tó kù. Àwọn òbí ní wọn ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn gbàṣẹ, pé sankarau ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Ẹjọ́ yẹn fa ọ̀pọ̀ ọdún, 2009 ni wọ́n tó bá ìjọba Kano yanjú ẹ̀ pẹ̀lú 75 mílíọ̀nù dọ́là. Màámi ní oníbàárà kan, ìyá Hausa kan tó máa ń gba àtàm̀pà lọ́wọ́ wọn ta, tí ọmọ ẹ̀ kú ní sankarau ọdún yẹn. Títí dòní ìyá yẹn ò mọ oògùn tí wọ́n fún ọmọ ẹ̀. Ó máa ń wá síwájú ṣọ́ọ̀bù, á jókòó, kò ní ra nǹkan kan. Ohun tí Màámi gbọ́ nìyẹn nígbà tí wọ́n gbọ́ "Pfizer." Ṣé ẹni tó bá rántí irú èyí la máa sọ pé kò lajú?

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ká má fi agbára mú wọn, kí ìyàwó ẹ̀ nìkan bá wọn sọ ọ́, kó dẹ̀ sọ gbogbo ẹ̀, dídùn àti kíkan. Ìyàwó yẹn ṣe é dáadáa. Ó pè lọ́jọ́ Sunday, ó kúnlẹ̀ níwájú fóònù kó tó jókòó. Ó ní, "Ẹ má bínú Mà, ọ̀rọ̀ Kano tẹ́ ẹ sọ, mo lọ kà á, òótọ́ ni ó ṣẹlẹ̀." Kò sọ pé "àmọ́." Ó kàn dákẹ́. Mo rí i tí èjìká Màámi sọ̀ kalẹ̀.

Ó wá sọ èyí tá a ò tiẹ̀ mọ̀. Ó ní abẹ́rẹ́ RSV àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1960 sí 1970, wọ́n gún un fáwọn ọmọ ìkókó, kò ṣiṣẹ́, kàkà kó gbà wọ́n, àwọn tó gbà á ni àìsàn náà tún le jù lára wọn, ọmọ méjì kú. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi rí òmíràn ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní fáírọ́ọ̀sì yìí ní nǹkan bí ẹ̀gún lára tó fi ń wọ inú ara wa, bó bá ti wọlé tán ẹ̀gún yẹn á pa àwọ̀ dà, abẹ́rẹ́ àtijọ́ ò jẹ́ kí ara dá ojú tó fi ń bọ̀ mọ̀. Ó ní ẹ fojú inú wo ọlọ́dẹ tí wọ́n fún ní fọ́tò olè lẹ́yìn tí olè ti pààrọ̀ aṣọ. Ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ tó rí ojú ẹ̀gún yẹn kó tó pa dà, tí wọ́n dẹ̀ rọ́nà mú un dúró bẹ́ẹ̀, òun ló wà nínú àwọn abẹ́rẹ́ tuntun yìí. Ti GSK, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ yìí, nǹkan bí 25,000 èèyàn tó ti pé 60 sókè ni wọ́n fi wò ó. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ìbá ní i dé ẹ̀dọ̀fóró lọ́dún àkọ́kọ́, bí 82 ni kò ní i mọ́. Ó ní agbára ẹ̀ máa ń dín kù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ó tún ní àìsàn iṣan kan wà tó máa ń mú ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rọ, pé ó ṣẹlẹ̀ sáwọn kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ yìí, kò tó mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù kan, àmọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ìwé ẹ̀.

Ẹ̀rù ti ń bà mí pé ó ti bà á jẹ́. Màámi dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, tó o sọ èyí tí kò dáa fún mi, mo lè gba èyí tó dáa gbọ́ lẹ́nu ẹ."

Àwọn fúnra wọn ló wá mú ọ̀rọ̀ pólíò wá. Wọ́n ní lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Trovan yẹn, nígbà tí Kano ní àwọn ò gba abẹ́rẹ́ pólíò mọ́ lọ́dún 2003, àwọn wà níbẹ̀, nǹkan bí oṣù mọ́kànlá kó tó di pé wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, pé gbogbo ọmọ tí pólíò rọ lẹ́sẹ̀ lásìkò yẹn, àwọn rí wọn dàgbà ní Kantin Kwari, wọ́n ń fi pátákó oníkẹ̀kẹ́ wọ́ ara wọn kiri láàárín ọjà, wọ́n ń tọrọ. (Ẹnu ni wọ́n ń kán sí ọmọ yẹn nígbà náà, abẹ́rẹ́ kọ́, àmọ́ gbogbo wa là ń pè é ní abẹ́rẹ́.) Wọ́n ní, "Mo rí èyí, mo rí ìyẹn. Ẹ̀rù méjèèjì ló ń bà mí."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní tó bá jẹ́ orúkọ yẹn ló ń da ọkàn wọn láàmú, òmíràn wà, kò sí èyí tí dókítà ní ó sàn ju èkejì lọ fún irú ọjọ́ orí wọn, kí wọ́n gba ti GSK. Màámi ní kò burú. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé ẹ̀mí ìbẹ̀rù ni a gbè lẹ́yìn. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe wọ́n ní ọgbẹ́ ni wọ́n yẹra fún, wọ́n dẹ̀ gba ààbò tó yẹ kí wọ́n gbà, kí la tún ń wá?

Oṣù kẹsàn-án 2025, wọ́n gbà á ní ilé oògùn kan ní Houston. Torí àlejò ni wọ́n, tí wọn ò ní ìnṣọ́ránsì ìlera ọ̀hún, owó ọwọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi san, ó lé ní 300 dọ́là. Wọ́n fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tó fẹ́ gún wọn bi wọ́n bóyá wọ́n ti gba irú ẹ̀ rí, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà á báyìí, kì í ṣe lọ́dọọdún bíi ti flu, ó bi wọ́n bóyá abẹ́rẹ́ kankan ti bá wọn lára jà rí, bóyá àìsàn iṣan yẹn ti ṣe wọ́n rí. Ìgò kékeré méjì ló gbé jáde, ìyẹ̀fun wà nínú ọ̀kan, omi wà nínú èkejì, ó fa omi sínú ìyẹ̀fun, ó rọra ń yí i lọ́wọ́ títí ó fi yọ́. Màámi ò gbójú kúrò lára ìgò yẹn. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi ka orúkọ tó wà lára ẹ̀ fún àwọn sókè. Ó kà á. Wọ́n ní kó tún un kà. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ká ọwọ́ bùbá sókè, wọ́n ní "Bísímílàhì."

Apá dùn wọ́n ọjọ́ méjì, ara ro wọ́n, wọ́n sùn púpọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó tán síbẹ̀.

Wọ́n dé sí Kubwa ní oṣù kejìlá. Àkànní tún ti mú ọ̀fìnkìn dé nínú ọyẹ́ yìí, Màámi náà sín díẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Mi ò lè sọ pé abẹ́rẹ́ ló ṣe é torí a ò yẹ ohun tó ṣe ọmọ wò lọ́tẹ̀ yìí. Mo ra nǹkan rọ́bà tí wọ́n fi ń fa imú ọmọ fún wọn, wọ́n ń lò ó, wọ́n ń ráhùn pé kò fà á dáadáa bíi ẹnu. Abọ́ ọmọ, wọ́n ti fi sílẹ̀. Ìwé tí ilé oògùn yẹn fún wọn wà nínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú yẹ́lò káàdì tí wọ́n fi gba abẹ́rẹ́ sankarau nígbà tí wọ́n ń lọ sí Mẹ́kà.

Ohun tó wá kù, tí mo dẹ̀ fi kọ gbogbo èyí nìyí. Alájà ilé kejì wa, ẹni ọdún 79, ikọ́-fée ti ń bá wọn fínra láti kékeré, wọ́n gbọ́ ìtàn Màámi, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ gbà á. Wọn ò ní ọmọ ní òkè òkun. Kò sí nínú èyí tí ìjọba ń fún àgbàlagbà ní ìlera alábọ́ọ́dé wa, mo dẹ̀ ti dé ilé oògùn ńlá mẹ́ta, ọ̀kan ní Wuse, méjì ní Gwarinpa, wọn ò ní i. Alájà máa ń bi mí láràárọ̀ pé ṣé mo ti rí i. Ẹni tó bá mọ ibi tó wà ní Abuja níbí, tàbí Kaduna pàápàá, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀ sínú fíríìjì bó ṣe yẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí, kódà kó jẹ́ lóru.